Pápá ìlú, owó ìjọ: ta ló lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíràn?

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ lójú wa ní ọjọ́ Sátidé kan, a sì fẹ́ bá yín sọ ọ́, nítorí a mọ̀ pé irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Pọ́bẹ̀, ní Àjàṣẹ́, àti lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Tógò pẹ̀lú.

Àwa olùkọ́ méjì la kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, lọ sí pápá ìṣeré kọmúùnù kan. Ìdánwò eré ìdárayá ni wọ́n fẹ́ ṣe: eré sísá, fífò, jíju irin. Aago méje àárọ̀ la débẹ̀. A bá ẹnu ọ̀nà ní títì. Wọ́n ti ta bâche láti ẹ̀bá góòlù kan dé èkejì, wọ́n ti to àga, ẹ̀rọ gbohùngbohùn mẹ́rin sì ti wà lórí òpó. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó fi báàjì kọ́rùn jáde wá bá wa. Ó kí wa dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ pàápàá, ó wá ní: «Maître, ẹ má bínú. Ìjọ wa ló yá a, ọjọ́ mẹ́sàn-án. Àwọn ará ìjọ nìkan ló lè wọlé.»

Lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú, àwọn ọmọdé bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jókòó ti bọ́ọ̀lù wọn. Wọ́n kàn ń wo bâche. Pápá yẹn nìkan ni wọ́n ní, kò sí òmíràn títí èèyàn á fi dé ìlú kejì.

Ká tó ṣẹ́jú, èrò ti pé. Bàbá kan ní: «Orílẹ̀-èdè laïque ni Bẹ̀nẹ̀ o! Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa gbàdúrà lórí ilẹ̀ ìjọba rárá.» Ìyá kan láti inú ìjọ yẹn dá a lóhùn pé: «A sanwó, bàbá. Ṣé ẹ máa ń já wọ yàrá ẹni tó sanwó yàrá?» Ohùn ń lọ sókè. Nígbà tí à ń padà lọ, a ro ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì wò. A rí i pé òtítọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu bàbá, ó wà lẹ́nu ìyá, àwọn méjèèjì sì ṣi ọ̀nà níbì kan. Ohun tó mú wa jókòó kọ èyí nìyẹn.

«Laïque» kì í ṣe aláìlẹ́sìn

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ bàbá bẹ̀rẹ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, èyí tó ti wà láti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990, sọ ní article 2 pé orílẹ̀-èdè náà jẹ́ laïque. Ti Tógò náà sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbọ́ ọ̀rọ̀ Faransé yìí bí ẹni pé ó túmọ̀ sí ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ìjọba fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀sìn kankan. Kò gbè sẹ́yìn ìmàle, kò gbè sẹ́yìn onígbàgbọ́, kò gbè sẹ́yìn olórìṣà, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà nínú wọn. Ẹ wo obìnrin tó ń gbowó omi ní pọ́ǹpù ìlú. Iye kan náà ló ń gbà lórí garawa kan náà. Kì í béèrè ibi tí èèyàn ń lọ ní ọjọ́ Jímọ̀ tàbí ọjọ́ Àìkú kó tó ṣí omi. Bí ìjọba laïque ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Article 23 nínú ìwé òfin kan náà fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀sìn, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti da ìlú rú, ó sì fi kún un pé àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn lẹ́tọ̀ọ́ láti gbèrú láìsí ìdènà. Article 26 wá ní kí òfin wo gbogbo èèyàn bákan náà, ẹ̀sìn yòówù kí wọ́n máa ṣe. Ẹ fi 26 yìí sọ́kàn, òun la máa padà sí.

Ojú gbogbo wa náà sì ti rí i. Ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 2011, Póòpù Benedict XVI ṣe Mísà ní Stade de l'Amitié ní Kútọnù. Pápá ìjọba ni, eré ìdárayá ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ní ọjọ́ yídì, ọ̀pọ̀ ìlú ló jẹ́ pé gbalasa ni àwọn mùsùlùmí ti ń kírun. Ní ọdún 1997, òfin ya ọjọ́ ìsinmi kan sọ́tọ̀ fún àwọn ẹ̀sìn ìbílẹ̀, gbangba ìta sì ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú ayẹyẹ rẹ̀. Nítorí náà, bàbá, ẹ jọ̀ọ́, laïque kò lé àdúrà kúrò lórí pápá.

Ẹni tó sanwó àti ẹni tó ni ín

Ọ̀rọ̀ ìyá ló ṣòro jù, nítorí ó dùn létí. Ẹni tó sanwó yàrá, yàrá di tirẹ̀. Òótọ́ ni, bí onílé bá jẹ́ èèyàn kan. Onílé lè wo ojú ẹni tó fẹ́ yá ilé rẹ̀, ó lè fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó lè ní òun ò yá a mọ́. Pápá kọmúùnù kò ní irú onílé bẹ́ẹ̀. Owó orí, owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà tí ìyá elépo àti ìyá oníṣu ń san, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń fi ránṣẹ́, ibẹ̀ ni owó pápá ti ń wá. Mẹ́ẹ̀rì kọ́ ló ni ín. Kọ́kọ́rọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó lè tà fún ẹgbẹ́ kan ni wákàtí: láti aago báyìí dé aago báyìí. Kò lè ta ilẹ̀, kò sì lè ta ẹ̀tọ́ àwọn tó kù.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi ìyá ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ó ní ibi tó ti jàre. Bí ẹ bá ṣe ìgbéyàwó ọmọ yín ní Maison des Jeunes, ṣé ẹ máa jẹ́ kí ẹni tí ẹ ò pè jókòó síbi oúnjẹ? Rárá. Bí ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ bá ń ṣe ìpàdé níbẹ̀, ẹni tí kì í ṣe aránṣọ ò ní dá sí ìbò wọn. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn náà lẹ́tọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ, ìwàásù fún àwọn ọ̀dọ́ mùsùlùmí, ọjọ́ eré àwọn ọmọ ilé-kéwú: tí wákàtí bá ti jẹ́ tiwọn, wọ́n lè sọ ẹni tó máa jókòó. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Àwa náà ti pàdánù ìjókòó níbi ayẹyẹ tí a kò pè wá sí, a ò tìtorí ẹ̀ kú.

Lójú tiwa, ìbéèrè tó yẹ ká máa béèrè kì í ṣe «ta ló wà nínú?» Ìbéèrè náà ni: kí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tó wà níta? Bí gbọ̀ngàn kan bá ṣófo ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí ìjọ kan yá a fún wákàtí mẹ́ta, kò sí ẹni tó pàdánù nǹkan kan. Bí wọ́n bá ti pápá kan ṣoṣo tí ìlú ní pa fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ní àsìkò ìdánwò, tí àwọn ọmọ kò sì rí ibì kan sá eré, nǹkan ti kúrò lọ́wọ́ èèyàn púpọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ sanwó. Ẹ ó rí i pé ẹ̀sìn kò sí nínú ìbéèrè yìí rárá. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí ilé-iṣẹ́ ọtí ló ta bâche, ohun kan náà la máa bi wọ́n.

Ohun tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ ní ilẹ̀ Faransé

Ẹ máa ní kí ló kan Faransé nínú ọ̀rọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ laïque yìí, ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá, ọ̀pọ̀ nínú bí ilé-iṣẹ́ mẹ́ẹ̀rì wa ṣe ń ṣiṣẹ́ náà sì jọ tiwọn. Òfin wọn kò de ilé ẹjọ́ Bẹ̀nẹ̀ o. Àmọ́ wọ́n ti jà lórí ọ̀rọ̀ yìí pẹ́, ó sì dáa kí a mọ ibi tí wọ́n bá a dé.

Òfin wọn ti ọjọ́ 9 oṣù kejìlá ọdún 1905 ya ìjọba sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀sìn, ó sì ní kí ìjọba má fi owó ìlú ran ìjọsìn kankan lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé wọn kò ní yá onísìn ní gbọ̀ngàn láéláé. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2011 ní Saint-Gratien, ìlú kan nítòsí Páríìsì. Ẹgbẹ́ mùsùlùmí kan ní àwọn fẹ́ yá gbọ̀ngàn ìlú láti kírun nínú oṣù Ràmàdáánì. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ẹ̀rì kọ̀. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, ó sì gùn títí dé Conseil d'État, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ, wọ́n ní kọmúùnù kò jàre. Kò lè fi hàn pé ìpàdé náà máa da ìlú rú, kò sì lè fi hàn pé iṣẹ́ ìlú nílò gbọ̀ngàn yẹn lásìkò náà. Kí èèyàn kàn sọ pé «àdúrà ni wọ́n fẹ́ ṣe» kò tó láti lé wọn.

Oṣù kan ṣáájú, ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2011, ilé ẹjọ́ yìí kan náà ti dá ẹjọ́ gbọ̀ngàn kan ní Montpellier, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ààlà sí i. Kọmúùnù lè yá ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn ní gbọ̀ngàn, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ iye owó náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀bùn tó fara pa mọ́. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi gbọ̀ngàn náà sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ kan ṣoṣo títí lọ, débi pé yóò di ilé ìjọsìn. Ó yẹ kí a lẹ gbólóhùn méjì yìí mọ́ ògiri ilé-iṣẹ́ mẹ́ẹ̀rì wa gbogbo.

Ti Grenoble yàtọ̀ díẹ̀. Ní ọdún 2022, ìlú náà yí òfin àwọn odò ìwẹ̀ rẹ̀ padà kí àwọn obìnrin lè wọ aṣọ ìwẹ̀ tó bo gbogbo ara. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, Conseil d'État kò jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ìyípadà náà jẹ́ láti tẹ́ ẹgbẹ́ kan lọ́rùn nítorí ẹ̀sìn, ó sì lè ba ìdọ́gba láàárín àwọn tó ń lo ibẹ̀ jẹ́. Àwọn kan gbà pé ẹjọ́ náà le jù. Àwa náà ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀ nínú yàrá àwọn olùkọ́, a ò tíì parí.

Ọ̀kan ṣì kù tí àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ ìwọ̀nyí. Ní ọdún 2016, ẹgbẹ́ kan láti Marseille fẹ́ yá ọgbà odò ìwẹ̀ kan ní Les Pennes-Mirabeau fún ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, fún àwọn obìnrin àti ọmọdé nìkan, kí wọ́n wọ aṣọ tó bo ara. Ariwo sọ jákèjádò Faransé, ọgbà náà sì fagi lé e kí ọjọ́ tó pé. Àmọ́ ọgbà aládàáni ni yẹn o, kì í ṣe ti ìlú. Bí a bá ń jiyàn lórí pápá kọmúùnù tí ẹnì kan sì mú un wá ṣe àpẹẹrẹ, ẹ bi í pé: ta ló ni ibẹ̀?

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀

Lọ́dọ̀ tiwa, kì í sábà jẹ́ ẹjọ́ ńlá ló ń bọ́ sílẹ̀. Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni pé kò sí ìwé. Ẹnì kan mọ ẹnì kan ní ilé-iṣẹ́ mẹ́ẹ̀rì, wọ́n pè é lórí fóònù, ó ní «ẹ máa lọ, kò sí wàhálà». Owó lè kọjá lọ́wọ́, kò ní reçu. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wá bẹ́, ẹni tó yá a ń sọ pé òun sanwó, akọ̀wé ń sọ pé òun ò rí owó, àwọn ọmọ sì wà lábẹ́ igi máńgòrò. Ní ọjọ́ Sátidé wa yẹn, ohun tí a bá nìyẹn gan-an: kò sí ìwé kankan. Àwọn ará ìjọ náà kò parọ́, owó ti jáde lápò wọn lóòótọ́. Àwọn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ̀bi lójú ìlú, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó gba owó ló yẹ ká bi.

Owó náà ńkọ́? Ká fi ṣe àpẹẹrẹ pé 20 000 FCFA ni ẹgbẹ́ aránṣọ ń san fún ọjọ́ kan. Bí ìjọ tí igbákejì mẹ́ẹ̀rì ń lọ bá san 5 000, ẹ̀bùn 15 000 ló gbà, àpò olórìṣà, àpò ìmàle àti àpò ẹni tí kì í lọ síbì kankan ló sì ti jáde. Bí ìjọ tí wọn kò fẹ́ràn bá wá san 40 000, ìyà ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Article 26 tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn, ibí ló ti wúlò. Bó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ ni, kó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ẹgbẹ́.

Èyí tó tún léwu ni àṣà «gbogbo ọjọ́ Àìkú». Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀: ìjọ kò tíì ní ilé, ẹ gbà wá fún oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta di ọdún mẹ́ta. Wọ́n á kó àga síbẹ̀, wọ́n á kó ìlù síbẹ̀, wọ́n á kun ògiri, lọ́jọ́ kan ẹ ó rí pátákó ìjọ lẹ́nu ọ̀nà Maison des Jeunes. Kò sí ẹni tó gbèrò ibi níbẹ̀. Àmọ́ ìlú ti pàdánù gbọ̀ngàn rẹ̀, kò sì sí ọjọ́ tí èèyàn lè tọ́ka sí pé ọjọ́ báyìí ni a pàdánù rẹ̀.

A mọ̀ pé ẹnì kan máa bi wá pé: «Orò ńkọ́?» Ìbéèrè gidi ni, a ò ní sá fún un. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ máa ń jó láàárín ọjà, ọmọdé, àgbà, àlejò, gbogbo wọn ló lè dúró wò. Ti Orò kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí nígbà tó bá jáde, obìnrin kì í jáde. Orò kì í yá pápá, kì í sì í sanwó, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tòní gan-an. Àmọ́ ìbéèrè wa bá a mu: kí ni a gbà lọ́wọ́ ẹni tó wà níta, ìyá tó ń rọbí, nọ́ọ̀sì tó ń lọ síṣẹ́ òru? Bí àwọn àgbà bá ti kéde ọjọ́ àti wákàtí ṣáájú, ìjà máa ń dín kù. Ó yẹ ká kọ àpilẹ̀kọ ọ̀tọ̀ lórí ìyẹn.

Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ yá ibi ìlú

Ẹ kọ lẹ́tà sí mẹ́ẹ̀rì, ẹ má kàn lọ bá ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí ẹ máa parí, iye èèyàn tí ẹ ń retí, àti apá ibi tí ẹ nílò, nítorí kì í ṣe gbogbo ìpàdé ló nílò pápá tán. Ẹ kọ ọ́ kedere bóyá àwọn ará ìjọ nìkan ni tàbí ìlú lápapọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìlú lápapọ̀ lẹ kọ, tí ẹ sì ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ò lè bi ẹnikẹ́ni pé ẹ̀sìn wo ló ń ṣe kó tó wọlé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà kan fún yín. Ẹ gba reçu. Bí èrò bá máa pọ̀, ẹ sọ fún àwọn ọlọ́pàá. Ẹ bá wọn ṣe àdéhùn lórí ariwo àti ìdọ̀tí, títí kan ẹni tó máa dí ihò tí irin bâche dá sórí pápá. Ihò yẹn ti rọ́ ẹsẹ̀ ọmọ kan tí a mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níta náà, ẹ má já okùn bâche. Ẹ béèrè ìwé. Ìpàdé ìgbìmọ̀ kọmúùnù ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ará ìlú, ẹ lè lọ jókòó gbọ́ iye tí wọ́n fi lé ibi ìlú. Bí wọ́n bá kọ̀ fún ẹgbẹ́ kan, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá sì rí i pé nítorí ẹ̀sìn ni wọ́n fi kọ̀, tàbí nítorí ẹ̀sìn ni wọ́n fi fún ẹnì kan ṣoṣo, ìwé òfin Bẹ̀nẹ̀ fún ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan láyè láti gbé ohun tó bá lòdì sí i lọ síwájú Cour constitutionnelle. Kò pọn dandan kí ẹ jẹ́ òṣèlú. A kò ní kí ẹ sáré lọ o, ọ̀nà náà jìn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni lẹ́tà kan pẹ̀lú òǹtẹ̀ ti parí ọ̀rọ̀ kí ó tó débẹ̀.

Ní ti Sátidé wa, a kò ṣe ìdánwò lọ́jọ́ náà. Ní ọ̀sán, akọ̀wé kọmúùnù, bàbá ìjọ náà, àwa olùkọ́ méjì àti ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Wọ́n gbà pé kí ìjọ ká bâche sí ìdajì pápá, kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí àárọ̀ jẹ́ ti àwọn ọmọ ilé-ìwé. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo wa fọwọ́ sí i. Ọ̀dọ́kùnrin oníbáàjì yẹn ló lẹ ìwé náà mọ́ ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sá eré wọn ní ẹ̀bá àga ìjọ. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́sàn-án pé, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ gbé iyanrìn wá, wọ́n dí àwọn ihò, àfi méjì lẹ́yìn góòlù tí wọn ò rí.

Akọ̀wé ṣèlérí pé wọn yóò kọ iye owó pápá sára ògiri, kí gbogbo ẹgbẹ́ lè máa rí i. A kọjá níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ògiri náà ṣì funfun.